Ẹni Tó Di Páàdì Mú

Ọdẹ ni Geralt. Nínú The Witcher 3, géèmù tí ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ní ilẹ̀ Poland gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa pa àwọn ẹranko abàmì fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ó ní ọmọ kan tó gbà tọ́, Ciri, tó ti di ọ̀dọ́bìnrin, tí àwọn ọ̀tá ń dọdẹ rẹ̀ kiri. Lẹ́yìn ìjà kan tó gbóná, níbi tí àgbàlagbà tó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́ ti kú, Ciri jókòó, ó dorí kodò, ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Géèmù náà dá ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀, ó bi ẹni tó di páàdì mú pé kí ni Geralt máa sọ. Ó lè ní kí ọmọ náà fọkàn balẹ̀, pé kò sẹ́ni tó mọ ohun gbogbo ṣe, kí wọ́n jọ mu ọtí díẹ̀. Ó sì lè ní òun mọ ohun tó máa mú orí rẹ̀ yá, kó fà á jáde sí gbangba, kí bàbá àtọmọ máa sọ òjò dídì lu ara wọn bí ọmọdé. Kò sí àmì kankan tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ju èyí tí wọ́n ti ń bá bọ̀ lọ. Ẹni tó ń kánjú á tẹ èyí tọ́wọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ó di ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn náà, nígbà tí ìtàn ti ń lọ sópin, kí Ciri tó dá wọ ibi tí òtútù tó fẹ́ run ayé ti ń bọ̀. Geralt kò lè bá a lọ. Bí ọmọ náà ṣe ń rìn lọ, ìrántí ń sọ sí i lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ òjò dídì yẹn, ọjọ́ tó fẹ́ lọ bá àwọn àjẹ́ alágbára kan sọ̀rọ̀, bóyá bàbá rẹ̀ jẹ́ kó dá wọlé tàbí ó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí inú bí i nínú yàrá ẹni tó ti ń tan án, bóyá bàbá rẹ̀ jẹ́ kó fọ́ ibẹ̀ túútúú tàbí ó ní kó sinmi, ọjọ́ tó fẹ́ lọ sí ibojì ọ̀dọ́kùnrin kan tó kú nítorí rẹ̀, bóyá bàbá rẹ̀ bá a débẹ̀ tàbí ó ní kò sáyè. Bí ìrántí wọ̀nyí bá dára, ọmọ náà á borí, á sì padà. Bí wọn kò bá dára, kò ní padà mọ́. Geralt á bá ara rẹ̀ nínú ahéré kan láàárín irà, òun nìkan, ohun ọrùn tí ọmọ náà máa ń wọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ẹranko abàmì á sì máa ya bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn géèmù onítàn nìyẹn. Omijé tó ń bọ́ níparí, ibi tí a rò pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ ló ti ń wá. Bọ́tìnì ìkẹyìn wulẹ̀ ń gba owó tí a ti jẹ sílẹ̀ tipẹ́ ni. Ẹ sì wo irú ohun tí àwọn ará Poland wọ̀nyí kà sí rere. Bàbá tó ń dáàbò bo ọmọ láìsinmi, tó ń bá a sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dá sọ, tó ń pa ìbínú rẹ̀ mọ́ ọn nínú, òun gan-an ni ọmọ kò ní padà wá bá. Èyí tó bá a ṣeré, tó bá a sunkún, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró síta, ìyẹn ló rí ọmọ rẹ̀. Ní àwùjọ wa níbí, níbi tí òbí ti máa ń tẹ̀ lé ọmọ dé ọ́fíìsì tó ti ń wá iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà le láti gbà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí ó mú kí àgbàlagbà gbé páàdì kalẹ̀, kó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kó tó dìde.

Ní Adó-Èkìtì, bọ́ọ̀lù ló gba ilé géèmù. Ẹni tó bá rìn láti Ìjìgbò dé Òkèṣà, tó yà sí Báṣírì, á gbọ́ ariwo wọn kó tó rí wọn: tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta, bẹ́ǹṣì onígi, jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lẹ́yìn ilé, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń pe orúkọ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ ìyá wọn. Iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni wọ́n fi ń sanwó. Ẹni tí wọ́n bá lù á gbé páàdì fún ẹlòmíì. Géèmù onítàn kò lè rí ẹsẹ̀ gbé síbẹ̀, nítorí ta ló máa san owó ọgbọ̀n wákàtí, ta ló sì máa dúró kí ẹnì kan máa ka lẹ́tà inú ìtàn fún ìdajì wákàtí? Orí láptọ́ọ̀pù akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbé, ní àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà Ìwọ̀rọ̀kọ̀ tó lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, àti ní àyíká Pólì. Ẹnì kan á di páàdì mú, mẹ́rin márùn-ún á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì àti lórí kúlà, ọkàn gbogbo wọn á wà lórí iná, kí NẸ́PÀ má lọ mú un kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n lè séèfù sí.

Àwọn tó jókòó sẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe rò lọ. Àwọn tó ṣe é ń rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa wà nínú yàrá òkùnkùn, òun àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ní Ìwọ̀rọ̀kọ̀, ìgbìmọ̀ ni.

Yàrá àbúrò mi kan níbẹ̀ ni mo ti wo Life is Strange parí. Ilé iṣẹ́ Dontnod ti ìlú Paris ló ṣe é, Square Enix ló gbé e jáde ní apá márùn-ún, láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹwàá ọdún 2015. Ọmọbìnrin ọlọ́dún méjìdínlógún ni Max, ó ń kọ́ iṣẹ́ fọ́tò ní ilé ìwé kan ní Arcadia Bay, ìlú kékeré etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan, ó rí i tí wọ́n yìnbọn pa ọmọbìnrin kan nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé, ó nawọ́, àkókò sì padà sẹ́yìn. Ó gba ẹni náà là. Chloe ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí Max bá sọ tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè dá àkókò padà kó tún un sọ. Ẹ lè rò pé ìyẹn á ba ìpinnu jẹ́, pé ẹni tó lè yí ohun gbogbo padà kò ní ohun tó ń bà á lẹ́rù. Apá kejì ló tú wa fó.

Ẹlẹgbẹ́ Max kan wà tó ń jẹ́ Kate. Ọmọ ìjọ tó jẹ́jẹ́ ni. Àwọn kan ti fún un ní ohun tó dà á lórí rú níbi àríyá, wọ́n ká fídíò rẹ̀, wọ́n sì tàn án káàkiri. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Max ní láti lọ gba ìwé kan tó yá a nínú yàrá rẹ̀. Ìwé náà nìkan ni iṣẹ́ tí géèmù rán wa. Àbúrò mi mú un, ó sì ti ń yí padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró ná," ni ọmọbìnrin kan tó ń já ewédú lẹ́nu ilẹ̀kùn wí. "Ẹ jẹ́ ká wo yàrá rẹ̀. Kí ló dé tó fi aṣọ bo dígí?"

"Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ìwé la wá gbà."

"Ẹni tó fi aṣọ bo dígí rẹ̀, nǹkan ń ṣe é."

Wọ́n wò ó nítorí rẹ̀. Wọ́n wo fọ́tò àwọn àbúrò Kate obìnrin, wọ́n rí ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ sí i, wọ́n rí ẹsẹ Bíbélì tó ń dì mú. Nígbà tó yá, Max àti Chloe jókòó nílé oúnjẹ, fóònù dún. Kate ni. Chloe fajú ro, ó ní kó má gbé e, àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ríra lẹ́yìn ọdún gbọọrọ. Yàrá pín sí méjì. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Chloe ni ọ̀rẹ́, kó má gbé e. Ọmọbìnrin elewédú náà kò tiẹ̀ gbójú sókè: "Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ilé ìwé, ó wá pe ẹyọ èèyàn kan, ẹ ní kó má gbé e." Àbúrò mi wẹ̀yìn wò mí. "Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ wí?" Mo ní kó gbé e.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nínú ìtàn, Kate gun orí òrùlé ilé tí wọ́n ń gbé, ó dúró sétí. Max fi gbogbo agbára rẹ̀ dá àkókò dúró kó lè débẹ̀, ìgbà tó débẹ̀ agbára náà tán. Kò sí àpadàsẹ́yìn. Ohun tó bá sọ, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Kate ń bi í léèrè, ó sì ń béèrè ohun tí kò ṣeé méfò: ta ló máa sunkún òun nílé? Ẹsẹ ìwé mímọ́ wo ló máa tu òun nínú? Mẹ́ta ló wà lójú láptọ́ọ̀pù láti mú nínú rẹ̀. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. "Mátíù kọkànlá, ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n," ni ọmọbìnrin náà wí, ewédú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó wà nínú yàrá rẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀." Àbúrò mi tẹ̀ ẹ́. Kate kọ etí òrùlé sílẹ̀, ó wá di Max mú.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹnì kan ti fẹ́ pa ara rẹ̀, n kò sì rí èyí tó fi ojúṣe aládùúgbò hàn mí kedere bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ẹnu kò gba ọmọ náà. Àánú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lórí òrùlé kò lè tó, nítorí ẹni tí kò wo yàrá rẹ̀ láàárọ̀ kò ní ohun tó máa sọ fún un nírọ̀lẹ́, bí ọkàn rẹ̀ ti wù kó dára tó. Kate lè ṣubú nínú ìtàn náà. Bó bá ṣubú, géèmù kò ní dúró, apá mẹ́ta tó kù á máa lọ, àga rẹ̀ á ṣófo, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa sọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá sì wà láàyè, Max lè lọ kí i ní ọsibítù.

Kí àwùjọ jókòó kí wọ́n sì dá ìtàn lẹ́jọ́, ohun àtijọ́ ni lọ́dọ̀ wa. Àlọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ń pa, a sì ń pa á ní ilẹ̀ Yorùbá náà: àwọn ọkùnrin mẹ́ta ń fẹ́ ọmọbìnrin kan. Wọ́n rin ìrìn àjò. Ọ̀kan ní dígí tó ń fi ohun ọ̀nà jíjìn hàn, èkejì ní ohun tó ń gbé èèyàn dé ibi tó fẹ́ ní ìṣẹ́jú akàn, ẹ̀kẹta ní oògùn tó ń jí òkú. Dígí fi hàn wọ́n pé ọmọbìnrin náà ti kú, ohun ìrìn gbé wọn dé ilé, oògùn jí i. Ta ló tọ́ sí? Apàlọ́ á dákẹ́ síbẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ á máa jà á títí oorun á fi gbé wọn. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938 láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa wa, kó irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jọ láti káàkiri Áfíríkà sínú ìwé kan, African Dilemma Tales, tó jáde ní 1975. Ohun tí yàrá Ìwọ̀rọ̀kọ̀ yẹn fi kún un ni pé nínú àlọ́, ọmọbìnrin ti jí kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Bí a bá dá a síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kò ní mọ̀. Nínú géèmù, ẹjọ́ dé nígbà tí ẹni tí a ń dá a lé lórí ṣì dúró sétí òrùlé. Ohùn èèyàn a sì yí padà. Àwọn ọmọkùnrin tí ń fi ẹnu ṣeré lórí ọ̀rọ̀ fóònù, kò sí èyí tó sọ̀rọ̀ ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ mọ́.

Àwọn kan ń béèrè pé bí ìparí bá ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́, bí gbogbo ọ̀nà bá já sí ibì kan náà, kí ni ìpinnu wá wúlò fún? The Walking Dead, tí Telltale Games ṣe ní 2012, dáhùn ìyẹn dáadáa. Ọkùnrin kan tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìpànìyàn, Lee, bá ọmọbìnrin kékeré kan, Clementine, pàdé níbi tí ayé ti dàrú tí òkú ń rìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ń wo gbogbo ohun tí Lee ń ṣe, ọ̀rọ̀ kékeré kan á sì máa yọ lókè ojú tẹlifíṣọ̀n pé ọmọ náà máa rántí èyí. Lee máa kú. Òkú kan á bù ú jẹ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ibi tí a ti ní ọ̀rọ̀ ni ìdágbére: ohun tó máa sọ fún ọmọ náà nígbà tí agbára rẹ̀ ń tán lọ, bóyá kó ní kí ọmọ náà yìnbọn pa òun kí òun má baà di irú wọn, tàbí kó ní kó máa lọ, kó fi òun sílẹ̀. Ọmọ tí a ti kọ́ bí a ṣe ń di ìbọn mú, tí a ti gé irun fún, tí a ti parọ́ fún tàbí tí a ti sọ òótọ́ fún, òun ló dúró síwájú wa yẹn. Ikú náà kò yí padà. Ohun tí ọmọ náà gbé jáde nínú yàrá yẹn ló wà lọ́wọ́ wa.

Arthur Morgan nínú Red Dead Redemption 2, ti Rockstar, 2018, rí bẹ́ẹ̀. Adigunjalè ni. Ó lọ fi agbára gba owó èlé lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tó ń ṣàìsàn, ó lù ú, ọkùnrin náà sì wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sí i lójú. Ikọ́ ife ló gbà níbẹ̀, ikọ́ náà ló ń pa á lọ. Ẹni tó bá ti ń fi Arthur ṣàánú káàkiri láti ìgbà náà, á rí i tó kú bí oòrùn ṣe ń yọ lójú rẹ̀. Ẹni tó fi í ṣìkà, ìbọn ọ̀tá ló máa pa á. Wákàtí púpọ̀ ni mo ti rí tí àwọn èèyàn fi ń kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà nínú géèmù yẹn, ẹlẹ́ṣin, olókùúta, ìyá àgbà, nítorí kí Arthur lè rí oòrùn. Mo rò pé ọmọ Èkìtì tí wọ́n ti fi ìkíni tọ́ dàgbà kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ìyẹn.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo wọn kò ní ìparí àrà kankan. This War of Mine ni, tí ilé iṣẹ́ 11 bit studios ní Warsaw gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. Ìdótì ìlú Sarajevo láti 1992 sí 1996 ni wọ́n wò ṣe é. Ẹni tó di páàdì mú kì í ṣe ológun. Ará ìlú díẹ̀ ló ń tọ́jú nínú ilé tó ti wó, ebi ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, bílẹ̀ bá ṣú ó lè rán ọ̀kan nínú wọn jáde lọ wá oúnjẹ. Ilé kan wà tí bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Oúnjẹ wà níbẹ̀, oògùn wà níbẹ̀. Bàbá náà kò ní ohun ìjà. Bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, á máa tẹ̀ lé yín láti yàrá dé yàrá, á máa bẹ̀ yín pé ìyàwó òun ń ṣàìsàn, pé kí ẹ má kó oògùn rẹ̀. Ẹ lè kó o. Kò sí ẹni tó máa dá yín dúró.

Ọ̀dọ́kùnrin tí mo rí tó ń gbá a kó oúnjẹ náà. Ó ní ọmọ ilé òun ń kú lọ, òótọ́ ni. Nígbà tó délé nínú ìtàn, ẹni tó rán lọ kò lè jẹ nínú ohun tó kó wá, ó jókòó sílẹ̀, ó ń sọ pé àwọn arúgbó náà kò ní pẹ́ kú. Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ó tún rán an padà sí ilé náà, bóyá nǹkan ṣì kù. Òkú àwọn méjèèjì ló bá. Kò gbá géèmù náà mọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Ilé àgbàlagbà ni mo jà lólè," ló ń sọ, bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ ní Òkèṣà. Ní 2020, ìjọba Poland fi This War of Mine sára ohun tí wọ́n gba àwọn ọmọ ilé ìwé níyànjú láti lò, bí a ṣe ń fi ìwé ìtàn sínú iṣẹ́ kíláàsì. Ó yé mi.

Àwọn aṣegéèmù máa ń ṣàṣìṣe náà. Mass Effect 3, tí BioWare ti Kánádà gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2012, jẹ́ òpin ìtàn tí àwọn èèyàn ti ń bá bọ̀ láti 2007, tí wọ́n ti pàdánù ọ̀rẹ́ nínú rẹ̀, tí wọ́n ti gba ìlú là. Nígbà tó dópin, wọ́n fi ọ̀nà mẹ́ta síwájú wọn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ara wọn, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ló yàtọ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ náà fi àlékún sí ìparí ọ̀hún nínú oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ẹ̀tọ́ àwọn tó bínú ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe fún ọdún márùn-ún kò bá wọn dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Kò sì di dandan kí a fún èèyàn ní ìpinnu rárá. The Last of Us, 2013, mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joel dé ilé ìwòsàn tí wọ́n ti fẹ́ fi ọmọ tó ń tọ́jú ṣe ìwòsàn fún gbogbo ayé, ọmọ náà á sì kú sí i. Ẹni tó di páàdì mú kò lè sọ pé rárá. Joel á pa dókítà, ọwọ́ tiwa la máa fi tẹ̀ ẹ́. Mo ti bá àwọn èèyàn jiyàn pé ó yẹ kí wọ́n fún wa láyè níbẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí ìtàn náà jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ti pàdánù ọmọ kan rí, ìfẹ́ tó ní sí èyí kò sì fi àyè kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ní ti Life is Strange, ìpinnu ìkẹyìn rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Ìjì ńlá ń bọ̀ wá gbá Arcadia Bay lọ, nítorí pé Max dá àkókò padà lọ́jọ́ kìn-ín-ní láti gba Chloe là. Bó bá padà lọ jẹ́ kí wọ́n pa Chloe nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn, ìlú á yè. Bó bá fa fọ́tò labalábá tó lè fi padà síbẹ̀ ya, Chloe á yè, ìlú á lọ. Yàrá Ìwọ̀rọ̀kọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan mẹ́nu ba Mọremí, ó ní obìnrin náà fi Olúorogbo, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, san ẹ̀jẹ́ nítorí Ifẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹlòmíì dá a lóhùn pé Mọremí ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Max kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Kókó tó dára ni, mo ṣì ń rò ó. Wọ́n fi Chloe sílẹ̀ níkẹyìn. Níbi ìsìnkú, labalábá aláwọ̀ búlúù bà lé orí pósí, Max sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ìran Kate ju èyí lọ. Ìpinnu tó bá kéde ara rẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, tó gbé ìlú sórí òṣùwọ̀n, èèyàn á ti gbára dì dè é. Ohun tó mú ti Chloe dun èèyàn ni àwọn ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti jọ dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ orin láìsí iṣẹ́ kankan tó yẹ ní ṣíṣe, tí ẹni tó di páàdì mú lè dìde nígbàkigbà, tí kò sì dìde.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń tún un bẹ̀rẹ̀ láti rí ìparí kejì. N kò rí ìyẹn bí ohun tó burú. Undertale, tí Toby Fox gbé jáde ní 2015, nìkan ló mú mi rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá kan wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ń tọ́jú ẹni, ó sì ṣeé pa. Ẹni tó bá pa á, tó wá kábàámọ̀, tó padà sí ibi tó séèfù sí, tó sì dá a sí, á bá òdòdó kan pàdé lẹ́yìn ìyẹn tó máa sọ fún un pé òun mọ ohun tó ṣe. Ìyá náà wà láàyè. Òdòdó náà ṣì mọ̀.

Bí mo bá lè rán ẹnì kan ní iṣẹ́ géèmù kan láti Adó-Èkìtì, ìtàn Adékúnlé Fájuyì ni mo máa fún un. Adó ni wọ́n bí i sí, ní 1926. Ó ṣe ológun, ó bá Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, ó gba oyè akínkanjú níbẹ̀, ó sì di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1966. Ní oṣù keje, Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba sọ̀rọ̀, ó sì wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ológun ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti yí ilé ìjọba ká. Ìtàn tí gbogbo ọmọ Adó gbọ́ dàgbà ni pé àlejò ni wọ́n wá mú, Fájuyì sì sọ pé bí wọ́n bá máa mú àlejò òun, kí wọ́n mú òun náà. Wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ọgbà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà láàárín ìlú wa, àwọn ọmọ ilé ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Aṣegéèmù tí kò bá ronú jinlẹ̀ á fi bọ́tìnì méjì sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Èmi máa ní kó má fi ọ̀kankan síbẹ̀. Kó gbé e lọ sí Adó nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré, tí àlejò dé bá wọn lásìkò oúnjẹ, tí ẹran inú ọbẹ̀ kò pọ̀, tí wọ́n sì rán an pé kó gbé abọ́ lọ fún àlejò. Kí ẹni tó di páàdì mú rìn láti ilé ìdáná dé pálọ̀, kí abọ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wò ó. Kó gbé e lọ sí Kóńgò, níbi tó ti rẹ ọmọ ogun kan, tí ẹrù rẹ̀ wúwo. Kó gbé e sí tábìlì oúnjẹ alẹ́ ní Ìbàdàn, tí fóònù ń dún láti Abẹ́òkúta, tí àlejò ń sọ ìtàn kan tó gùn, kó sì yàn bóyá kó dá a lẹ́nu dúró nísinsìnyí tàbí kó jẹ́ kó parí rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun bá dé ẹnu ọ̀nà, kí páàdì má ṣiṣẹ́ mọ́. Ohun tí ọkùnrin náà bá ti ń ṣe láti ilé ìdáná wá ni kó sọ.

Ẹni tó bá sì ti ń jẹ ẹran inú abọ́ àlejò láti ìgbà náà, mo máa ní kí géèmù jẹ́ kó yè. Kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí àwọn ológun kọjá, kí ọkọ̀ gbé e padà sí Adó, kí àwọn ará àdúgbò jáde wá kí i kú àbọ̀, kí àgbàlagbà kan láàárín wọn sì bi í pé, "Àlejò rẹ ńkọ́?" Ibẹ̀ ni kí wọ́n dá bọ́tìnì padà fún un, kí ìdáhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún wà níwájú rẹ̀, kó yan èyí tó bá lè sọ.